Ọkọ̀ Onílẹ̀kùn Méjì

"Ọ̀gá yín kọ́ nìyẹn?" Màmá béèrè, ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Òun kọ́, Màmá."

Irọ́ ni Jẹ́jẹ́lọlá pa. Òun gan-an ni. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Gbádérọ̀, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé girama àwọn ọmọbìnrin tí Jẹ́jẹ́lọlá ti ń kọ́ni ní ìṣirò, ló dúró sínú oòrùn ní Ring Road pẹ̀lú agbádá funfun báláú. Ọkọ̀ ńlá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀, èéfín ń rú. Dírẹ́bà rẹ̀ ti ki orí bọ inú ẹ́ńjìnnì. Jẹ́jẹ́lọlá wò wọ́n, inú rẹ̀ sì dùn. Kò tijú rárá pé inú òun dùn.

"Òun ni," ni Màmá wí. "Orúnkún ló ń dùn mí, ojú mi kò fọ́. Dúró, kí o gbé bàbá oníbàbá."

"Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n díẹ̀."

"Jẹ́jẹ́! Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?"

Jẹ́jẹ́lọlá tẹjú mọ́ títì. Ohun tí ọkùnrin náà fi ṣe é kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ létí ìyá rẹ̀. Láti ọdún Àjíǹde ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wọn ti fẹ̀yìn tì, gbogbo tíṣà ló sì mọ̀ pé Jẹ́jẹ́lọlá ló kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bi Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ léèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó mi orí, ó ní kí wọ́n lọ wo ọkọ̀ tí obìnrin náà ń wà. Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀, ló wá sọ fún un. "Ó ní ọkọ̀ aṣẹ́wó ni. Ó ní ọkùnrin kan ló rà á fún ẹ, pé ilé-ìwé ọmọbìnrin kò gbọ́dọ̀ ní irú igbákejì bẹ́ẹ̀." Òní gan-an ni ìgbìmọ̀ yóò parí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá sí ohun tó yí i padà, Ọ̀gbẹ́ni Òkè, tó máa ń bá ọ̀gá gbé báàgì láti mọ́tò dé ọ́fíìsì, ni wọn yóò fi ṣe igbákejì.

Ẹni tó ra ọkọ̀ náà fún Jẹ́jẹ́lọlá ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí, tó ń fọwọ́ ra orúnkún.

Tòyótà Sẹ́líkà pupa ni, ti ọdún 1974. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin onírun gọbọi, tí ẹnu ṣòkòtò wọn ń gbálẹ̀, ni wọ́n ń wà á. Ẹni tó bá ní in nígbà náà kì í pe ọmọge lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n a ti wà ní 1987 báyìí. Ẹni tó bá rọ́wọ́ mú n'Íbàdàn, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ń ṣí. Wọ́n ní onílẹ̀kùn méjì kò bá àgbàlagbà mu, pé ayé rẹ̀ ti lọ. Ní yàrá àwọn tíṣà, wọ́n a máa bi í pé, "Míìsì Adésànyà, ìgbà wo lẹ ó ra ilẹ̀kùn méjì tó kù?" Jẹ́jẹ́lọlá a bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé, a fọ ọkọ̀ rẹ̀, a fi aṣọ nù ún títí yóò fi máa dán, a sì dúró wò ó. Lójú tirẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó gbayì tó o láti Challenge títí dé Agbowó, kí àwọn tó ń rín in lọ máa rín in.

Ó fẹ́ gbẹ̀san. Wọ́n ní kí èèyàn fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í kánjú, ìpàdé sì kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Ó bojú wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ tó há gádígádí. Ó tún wo agbádá ọ̀gá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tẹ bíréèkì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wọlé, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ wo ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n fi abọ́ ajá bu oúnjẹ fún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Epo ti wọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, takisí kankan kò sí.

"Ó dáa, Míìsì Adésànyà. Bódìjà ni mò ń lọ. Bí Màmá bá lè bọ́ sẹ́yìn, màá jókòó níwájú."

"Háà, rárá o, sà! Ọ̀gá kì í jókòó ti dírẹ́bà. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ibi yín."

 Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló máa ń pariwo mọ́ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Màmá sọ̀kalẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, ó tó gbé èkejì. Wọ́n da àga rẹ̀ síwájú. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, fìlà rẹ̀ gbá òrùlé, agbádá rẹ̀ há mọ́ irin àga, ó fà á, ó ya díẹ̀. Nígbà tó fi máa jókòó, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀.

"Kò sí ọ̀nà mìíràn téèyàn lè gbà jáde níbí?"

"Kò sí, sà. Àga tèmi kò ṣeé dà síwájú mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fi gbé sìmẹ́ńtì. Bí Màmá bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin náà á sọ̀kalẹ̀."

Ní Mọ́kọ́lá, wọ́n bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí Agbowó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ni ariwo bá sọ.

"Aunty, dis your motor fine die! Abeg, no sell am o!"

"See Papa for back! Papa dey enjoy!"

Gbogbo bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀ fa fìlà bo ojú. Jẹ́jẹ́lọlá juwọ́ sí wọn, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Bọ́ọ̀sì lọ tán, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Sà, wọ́n ní ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọkùnrin kan ló ra ọkọ̀ yìí fún mi."

Ọ̀gá tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Wọ́n ní ẹ ní ọkọ̀ aṣẹ́wó ni."

"Míìsì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìyẹn. A kì í sọ ọ́ níwájú ìyá ẹni."

Màmá kò yíjú padà. "Ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Màmá, ẹ má bínú, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ káàkiri ni mo..."

"Mo ní, ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Mo kàn ní ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé, ó dákẹ́. Jẹ́jẹ́lọlá mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn láti kékeré. Pàṣán ló máa ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ìyànà ilé ìwòsàn tí àwọn méjèèjì ń lọ tẹ́lẹ̀, Màmá ní, "Máa lọ. Jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀gá dé ibi ìpàdé wọn. Orúnkún á dúró."

Bí wọ́n ṣe wọ Bódìjà ni ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Gba ẹ̀yìn, Míìsì. Géètì kékeré kan wà níbẹ̀."

"Ẹni ńlá bíi tiyín kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, sà."

Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ gan-an ló gbé ọkọ̀ sí. Ó tún fun fèrè, bóyá ẹnì kan kò tíì rí wọn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ dúró sí ìta tí wọ́n ń dúró de ọ̀gá, Ọ̀gbẹ́ni Òkè náà wà láàárín wọn, ó ti wọ súùtì tuntun. Alhaja Zùwáírátù, alága wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wá. Ọkọ̀ ló ń wò.

"Sẹ́líkà! Ẹ ṣì rí irú èyí? Àbúrò mi fi owó oṣù Udoji tí ìjọba san ra ọ̀kan, kò jẹ́ ká sinmi." Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú. "Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀? Ẹ̀yin lẹ ká jọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ káàárọ̀, Alhaja. Mò ń jáde bọ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀."

"Ẹsẹ̀ mi ló kú," ni Màmá wí.

Àwọn tó kù náà sún mọ́ ọkọ̀. Ẹnì kan fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá gbìyànjú láti dìde, orí rẹ̀ gbá òrùlé, ó tún jókòó. Alhaja rìn yí ọkọ̀ náà ká díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ọkọ̀ tí ẹ sọ fún wa nípàdé ọjọ́sí kọ́ nìyí? Pupa, onílẹ̀kùn méjì? Ẹ̀yin lẹ ní ọmọlúàbí kì í wọ̀ ọ́."

 Màmá ló yọ orí jáde lójú fèrèsé.

"Òun náà ni, Alhaja. Ẹ káàárọ̀ o. Tíṣà yìí, èmi ni mo bí i. Bàbá rẹ̀ fi oko kòkó sílẹ̀, mo tà á, mo ní ọmọ mi kò gbọ́dọ̀ máa rìn nínú oòrùn. Ọkùnrin tí ọ̀gá sọ fún yín pé ó ra ọkọ̀ fún un, èmi ni. Ẹ wò mí dáadáa."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni Òkè wo bàtà ara rẹ̀. Alhaja wo Màmá, ó wo Jẹ́jẹ́lọlá, ó tún wo ọkùnrin tó ká kò sẹ́yìn tí òógùn ti rin agbádá rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni Alhaja wí jẹ́jẹ́. "Míìsì Adésànyà, ẹ má tíì lọ. A óò fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu yín. Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀, inú ilé la ó ti máa dúró dè yín."

Ó yí padà, ó gun àtẹ̀gùn, àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

"Màmá, mo bẹ̀ yín," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Ìpàdé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Màmá na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ ra orúnkún. Ó bojú wo ọmọ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ yẹn ṣì kú, Jẹ́jẹ́."

Jẹ́jẹ́lọlá pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi sínú báàgì rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi dáadáa, Màmá," ló wí. "A ò kánjú."