Kéèsì Tó Ṣeé Gbé Lọ Gbé Bọ̀

Ìgbà kẹta nìyí tí Clint yóò yọ àpótí tí ń pín iná fún kọ̀ǹpútà kúrò nínú kẹ̀kẹ́ ọjà, tí yóò sì dá a padà sórí pẹpẹ. Ìgbà kẹta náà nìyí tí Darla yóò nawọ́ gbé e, tí yóò fi í síbi tí ó wà tẹ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tí ń gbé ọmọ alágídí padà sórí àga. Ọkùnrin kan tí ó dúró nítòsí wọn, tí ó ń ka ẹ̀yìn páálí kan, rọra ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ sí ìlà pẹpẹ mìíràn.

"Ti ogójì dọ́là wà níbí, á ṣiṣẹ́," ni Clint wí. "Àádọ́rin lo fẹ́ lọ san. Ṣé ọsibítù lo fẹ́ fi tan iná fún ni?"

"Àádọ́rin ni Maren kọ sílẹ̀. Irú ogójì dọ́là yẹn ló máa ń jó, gbogbo nǹkan tó bá sì so mọ́ ọn ló máa ń jó pẹ̀lú ẹ̀. O ò kúkú lè mọ̀. Kò sóhun tó o rà rí tó pẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Àfi ìwọ," ni Clint wí. "Ìwọ lo pẹ́ jù."

Ó ti pé ọdún méjì tí ilé ẹjọ́ ti tú ìgbéyàwó wọn ká. Láti ìgbà náà ni Maren, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti ń lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, tí ó ń kó báàgì méjì kọjá láàárín ìlú Columbus ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ní ìparí oṣù kọkànlá yìí ni yóò pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin sí i, adájọ́ yóò pè é sínú yàrá, yóò sì bi í léèrè ilé tí ó wù ú láti máa gbé títí yóò fi jáde ní ilé ìwé girama. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ilé ẹjọ́ ti dé ni oorun ti fò lójú Darla. Ó ti pinnu pé ohunkóhun tí Clint bá ṣe láàárín àkókò yìí, ìbáà jẹ́ ẹ̀rín ni ó rín, nítorí ìbéèrè adájọ́ yẹn ni.

Ohun kan ṣoṣo ni Maren béèrè fún ọjọ́ ìbí rẹ̀: àwọn ẹ̀yà tí òun yóò fọwọ́ ara òun tò di kọ̀ǹpútà, èyí tí ó lè gbé géèmù tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń ṣe. Ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ni àwọn òbí rẹ̀ fẹnu kò sí, ìdajì láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó kọ àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tí ó fẹ́, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn àjèjì ti máa ń yẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n á kọ́kọ́ bú ẹni tí ó kọ ọ́ dáadáa kí wọ́n tó tún un ṣe fún un. Àkọsílẹ̀ ti Maren kò gba èébú púpọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ yìí mọ owó ná.

Ìdí tí àwọn méjèèjì fi jọ wá kò le. Ilé ìtajà náà máa ń ta ọpọlọ ẹ̀rọ, bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé, àti mẹ́mórì pa pọ̀ ní ẹ̀dínwó fún ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó gbà nínú wọn kí èkejì dá lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọjà ẹ̀dínwó náà ní òwúrọ̀, òṣìṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ṣàlàyé pé ẹyọ kan ni ìdílé kan lè rà, ó sì béèrè bóyá ìdílé kan ni wọ́n. Ẹnu kan náà ni wọ́n fi dáhùn pé rárá. Ohùn wọn kò tíì ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì.

Àpótí iná olówó àádọ́rin dọ́là ni ó borí. Clint, tí ó fẹ́ fi ọgbọ̀n dọ́là tí ì bá ṣẹ́ kù kún owó káàdì àwòrán kí wọ́n lè ra èyí tí ó ga díẹ̀ sí i, kùn títí wọ́n fi kọjá ìlà mẹ́ta. Ó rán Darla létí ajá tí òun ní kí wọ́n má rà. Darla rán an létí òjò tí ó wọ inú ilé ní ọdún tí ó sọ pé òun fúnra òun ni yóò tún òrùlé ṣe. Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìdí àwọn kéèsì, àpótí tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń wọ̀ sí.

Èyí tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ga dé eékún, gíláàsì ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó sì wúwo débi pé Clint, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù gun orí òrùlé àwọn olówó, mí kanlẹ̀ kí ó tó gbé e sílẹ̀. Darla wò ó. Èrò rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí ọmọ kò bá lè gbé, ibi tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ sí ni yóò máa wà. Ibi tí ó bá wà ni ọmọ yóò máa wà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ti máa rí i. Bí adájọ́ bá sì béèrè ibi tí ó ń gbé, kò sí irọ́ nínú kí ó dárúkọ ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà. Nígbà náà, ẹni tí ó yan kéèsì yìí ti yan ilé.

"Ta ló kọ́ Maren pé kó kọ eléyìí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọmọ náà lójú, ó ríran."

"Ìwọ ni, Clint. Mo mọ ìwà ẹ. Mo mọ̀ ọ́n délẹ̀."

Clint wo kéèsì náà, ó wo ilẹ̀, ó sì ní kí Darla mú èyí tí ó bá wù ú.

Darla rí ọ̀kan lórí pẹpẹ òkè, kékeré, tí ó ní ọwọ́ ìgbámú lórí bí àpótí irinṣẹ́. Ó fi ọgbọ̀n dọ́là àti díẹ̀ wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Káàdì àwòrán tí Maren yàn, èyí tí ń ya géèmù sójú ẹ̀rọ, kò lè wọ inú rẹ̀ nítorí gígùn rẹ̀. Wọ́n ní láti mú èyí tí ó kúrú, tí agbára rẹ̀ sì fi ipò kan relẹ̀. Clint sọ pé torí káàdì yẹn gan-an ni ọmọ náà ṣe ń ra gbogbo ìyókù. Òótọ́ ni, Darla mọ̀ pé òótọ́ ni, òótọ́ náà sì bí i nínú ju irọ́ lọ. Ó ní kí ó gbé káàdì padà. Clint gbé e padà. Ẹrù ìjà tí Darla ti dì láti ilé wá kò rí ibi tí ó ti tú u, ṣùgbọ́n ó ka ọ̀ràn náà sí ìṣẹ́gun, ó sì gbé orí sókè bí ó ti ń ti kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò kí a tó sanwó.

Wendell ni orúkọ tí ó wà láyà ọkùnrin tí ó jókòó síbẹ̀, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun tí ó di irun orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ṣí àkọsílẹ̀ Maren lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń fi ohun tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ wé e níkọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè ẹni tí ó yí káàdì àti kéèsì padà.

"Ìyá ẹ̀ ni," ni Clint wí. "Ọmọ lọmọ jẹ́, ìyá ẹ̀ ló ń ṣe géèmù."

Darla ṣàlàyé, ó sì ṣàlàyé dáadáa. Ó ní ilé méjì ni ọmọ náà ń gbé, pé ó yẹ kí ohun ìní rẹ̀ lè bá a lọ síbikíbi tí ó bá ń lọ, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ yóò ti ro ìyẹn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí, Clint ni ó kọjú sí.

Wendell gbà pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá. Ó tún wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ ilé méjì ni, màdáámú, bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ mú yìí ò ní wáífáì nínú. Wáyà nìkan ló ń gbà. Ogún dọ́là lẹ máa fi kún un tẹ́ ẹ bá fẹ́ èyí tó ní in. Ṣé wáyà wà nílé méjèèjì?"

Nínú fúláàtì Darla, afẹ́fẹ́ ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé láti yàrá àlejò. Kò sí ihò wáyà kankan nínú yàrá Maren, onílé kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni lu ògiri. Ilé Clint ni wáyà wà. Clint fúnra rẹ̀ ni ó fà á gba inú ògiri dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ náà, ní ọdún tí Maren pé mẹ́wàá, nígbà tí ilé náà ṣì jẹ́ ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ó ti gbàgbé ni," ni Darla wí. "Ọmọdé ni."

"Kò gbàgbé, màdáámú. Wọ́n bi í."

Wendell yí ojú ẹ̀rọ náà sí i. Darla ti ka àkọsílẹ̀ yìí rí. Ó ti ka orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ka iye owó wọn. Kò ka ohun tí àwọn àjèjì ń bá ọmọ rẹ̀ sọ nísàlẹ̀. Ẹnì kan béèrè níbẹ̀ pé kí ló dé tí kò mú bọ́ọ̀dù oníwáífáì. Maren sì fèsì pé: *Mi ò nílò ẹ̀. Ibì kan ló máa wà, wáyà sì wà nínú ògiri níbẹ̀.* Oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ tí ó wà lára rẹ̀. Lẹ́tà ilé ẹjọ́ kò tíì dé nígbà náà.

Darla yíjú sí Clint, ó ti ṣetán fún ojú ẹni tí ó borí. Clint kò wo ibi tí ó wà. Ó ń wo àwọn bátìrì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, bí ẹni tí wọ́n ní kí ó kà wọ́n.

"O ti mọ̀."

"Ó ní òun fúnra òun ló máa sọ fún ẹ."

"Látìgbà wo?"

"Darla."

"Mo ní látìgbà wo."

"Látìgbà ìsinmi oṣù keje."

Ó rántí gbogbo òwúrọ̀ náà, ó sì tò ó bí ó ti máa ń to ohun gbogbo. Nítorí ọgbọ̀n dọ́là lórí àpótí iná, ọkùnrin yìí bá a jà dé ìlà mẹ́ta. Lórí kéèsì, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ ì bá ti fòpin sí àríyànjiyàn, ó dákẹ́. Ó jẹ́ kí Darla bú òun. Ó jẹ́ kí ó ra ọwọ́ ìgbámú tí ẹnikẹ́ni kò ní dì mú. Èyí kò mú kí Darla fẹ́ràn rẹ̀. Bí a óò bá sọ òtítọ́, ìkórìíra náà tún le sí i, nítorí kò sí ohun tí ó ṣòro fún ènìyàn láti gbà bí àánú láti ọwọ́ ẹni tí ó ti ń ṣépè fún.

Wendell ń dúró. Ó ní ṣé kí òun fi bọ́ọ̀dù oníwáífáì sí i.

Ogún dọ́là péré ni. Darla lè san án, kí ó sì máa sọ fún ara rẹ̀ pé òun fi ààyè sílẹ̀ fún Maren nílé tòun.

"Rárá," ni Darla wí. "Ẹ ṣe é bó ṣe kọ ọ́."

"Kéèsì ńkọ́?"

"Gbogbo ẹ̀."

Clint nawọ́ sí kéèsì kékeré náà láti lọ dá a padà.

"Má fọwọ́ kàn án," ni Darla sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ. Nígbà tí ó padà, Clint ti gbé ti àkọ́kọ́ dé, káàdì gígùn náà sì wà lórí rẹ̀. Wọn kò wo ara wọn. Darla san ìdajì tirẹ̀, Clint san tirẹ̀, Wendell sì ń kọ ìwé tí wọn yóò máa mú wá bí ohunkóhun bá bàjẹ́. Ó béèrè àdírẹ́sì tí òun yóò kọ sí i.

Darla ni ó pè é: nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́. Ó pe orúkọ òpópónà náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù lórí fóònù fún ọdún mọ́kànlá tí òun náà fi gbé ibẹ̀, kò sì ṣi ọ̀kan.

"Ibẹ̀ lẹ̀ ń gbé?" ni Wendell béèrè, láìgbé ojú sókè.

"Ibẹ̀ lọmọ mi ń gbé," ni ó wí.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó sọ ọ́ jáde. Ó dúró, ó ń retí pé kí ó dún bí irọ́ létí ara rẹ̀.