Ohùn Tó Pe Tíṣà

Ọ̀sán gangan ni ìpè náà dé, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ jẹun, tó ku Tíṣà nìkan ní kíláàsì, tó ń nu pátákó. Ohùn ọkùnrin kan, tó há díẹ̀ bí ohùn ẹni tí òtútù mú, sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Tíṣà, máa bọ̀." Ó yíjú padà. Bẹ́ńṣì lásán ló rí. Bẹ́ẹ̀ ló ń gbọ́ ọ títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Ìyá rẹ̀ ní ooru ló ń dà á láàmú. Àlùfáà wọn ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní Olúwa ló ń pè é síṣẹ́ ìránṣẹ́, pé abúlé kan wà tí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ti di ilé aláǹgbá látìgbà tí olùkọ́ ibẹ̀ ti sá lọ. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó sì bá a dì í.

Ọ̀dọ̀ ìyàwó olùkọ́ tó sá lọ yìí ni wọ́n fi í wọ̀ sí. Màmá yìí ti ń dàgbà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń gbá iwájú ilé bí ẹni ń retí àlejò. Kí Tíṣà tó tú ẹrù ni àwọn ará abúlé ti sọ fún un pé ọkọ màmá ti gbé obìnrin mìíràn lọ. Wọ́n tilẹ̀ mọ bí obìnrin náà ṣe pupa tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i rí.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ ń mú kí páànù òrùlé dún. Ṣùgbọ́n Tíṣà ṣàkíyèsí pé kò sí ọmọ tó ń ṣeré lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, níbi tí koríko ti ga ju ènìyàn lọ. Bọ́ọ̀lù wọn wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń ti fèrèsé, ó gbọ́ ọ láti inú koríko yẹn: "Tíṣà, máa bọ̀." Ohùn kan náà gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó rò pé Olúwa tún ń bá òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ewé kan ò mì, ẹyẹ kan ò ké. Orí rẹ̀ wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré gba ilé lọ.

Ó bá màmá nídìí ààrò, ó ròyìn fún un, ó sì sín ohùn náà jẹ: bó ṣe há, bó ṣe ń fa ìparí ọ̀rọ̀. Màmá gbé ìkòkò sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló sọ fún ọ bí ọkọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Mà. Kí n tó mọ̀ pé abúlé yìí wà ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Màmá mú àdá. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń ṣán koríko lọ níwájú, Tíṣà ń tẹ̀ lé e, títí màmá fi dúró lójijì tó sì na ọwọ́ sẹ́yìn láti dá a dúró. Kànga ni, èyí tí ìjọ gbẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ ṣùgbọ́n tí wọn ò kan omi nínú rẹ̀. Koríko ti bo ẹnu rẹ̀. Ká ní Tíṣà dá wá ni, inú rẹ̀ ni ì bá já sí.

Tíṣà sáré lọ pe àwọn ọkùnrin abúlé, wọ́n sì fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Egungun ni wọ́n kó gòkè, pẹ̀lú awò ojú kan tí wọ́n fi òwú pupa so apá rẹ̀ tó kán. Màmá ló so òwú náà fúnra rẹ̀. Ó gbé awò náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó kọjú sí wọn.

"Ọkọ mi ò bá obìnrin kankan lọ. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ yín ló wà."



Wọ́n sin ín, ohùn náà sì dákẹ́. Ìgbà náà gan-an ni oorun wá dá lójú Tíṣà. Wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Òun ò wá mọ ẹni tó rán òun mọ́. Ṣé Olúwa ni, àbí òkú tó ń wá ẹni tí yóò gbé òun gòkè? Ó di ẹrù, ó tún tú u. Àwọn ọmọ ń bọ̀ láràárọ̀, ó ń kọ́ wọn. Màmá gba àwọn kéékèèké, ó ń kọ́ wọn lórin.

Nígbà tí àlùfáà wá bẹ̀ wọ́n wò, ó ní kí Tíṣà jẹ́rìí níwájú ìjọ bí Olúwa ṣe pè é. Tíṣà dìde, ó wojú màmá.

"Wọ́n pè mí," ó ní, "mo sì wá."

Àlùfáà ń retí ìyókù, ṣùgbọ́n màmá ti sún fún un lórí bẹ́ńṣì, ó sì ti jókòó.