Ọmú Tí Ràhímù Sin

Ẹ gbà mí o, ọkọ mi sin ọmú mi! Èmi Sàlíhátù, tí mo ń ta àwo l'Énerhen, mo sì wà láàyè.

Ọ̀sán ni. Oorun oògùn ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìbọn ń dún lápá Okere, àmọ́ bí ẹni ń gúnyán lókèèrè ni mò ń gbọ́ ọ. Lójú àlá, mo wọ inú ọmú tí wọ́n gé lára mi. Àwọn obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ìránṣẹ́. Wọ́n ń di ìwé kan mú ṣinṣin, wọ́n ń fa òmíràn ya. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á sí mi létí, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Dọ́kítà Akínrẹ̀mí, tó gé ọmú mi nítorí jẹjẹrẹ, ló kó ìyẹn sí mi lórí. Ó ní ìwé iṣẹ́ kéékèèké kan ń bẹ nínú ara, RNA lorúkọ ẹ̀. Àwọn pùrótéènì kan ló ń dì í mú, wọ́n sì wà lára ohun tó ń mú kí jẹjẹrẹ ẹlòmíì máa jẹ họ́mọ̀nù obìnrin bí oúnjẹ. Bí tèmi bá ń jẹ ẹ́, oògùn oníhóró lójoojúmọ́ á fi ebi pa á. Bí kò bá jẹ ẹ́, abẹ́rẹ́ líle ni. Ìbàdàn ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kó ẹran ọmú náà sínú ìgò olómi oògùn, ó ní kí Ràhímù gbé e lọ. Ìjà ìlú sì dí ọ̀nà.

Nígbà tí mo jí, mi ò rí ìgò. Mo bi Fawziyyah ọmọ mi.

"Mama, Daddy don bury am."

Ràhímù wọlé, yẹ̀pẹ̀ lẹ́sẹ̀, ojú ẹ̀ tutù bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ láádá. "Ìyá Fawziyyah, ara mùsùlùmí kì í gbé inú ìgò. Bí ogun bá lé wa jáde ńkọ́? Mo da omi yẹn nù, mo fi aṣọ funfun wé e, mo sin ín."

"Yéè! Bàbá Fawziyyah, ẹ ti pa mí! Mi ò tíì kú, ẹ ti ń sin mí díẹ̀díẹ̀!"

Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Kí wọ́n tó hú u, ó ti bàjẹ́. Dọ́kítà ní jẹjẹrẹ náà ṣẹ́kù díẹ̀ lábẹ́ abíyá mi, òun nìkan ló sì kù tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Wọ́n tún là mí, wọ́n kó o sínú ìgò míì.

Nígbà tí ọ̀nà là, mo bá Ràhímù wọkọ̀ Ìbàdàn, torí mi ò fọkàn tán an mọ́. Òòyì ṣì ń kọ́ mi. Àwọn ilé ń léfòó kọjá nínú èéfín. Níwájú, àwọn ọ̀dọ́kùnrin oníbọn dá wa dúró. Ọ̀kan nàka sí ìgò tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ mi.

"Wetin be dat? Una be ritualist?"

Bí wọ́n bá fọ́ ọ, ó parí. Ràhímù, tí kì í lè bá ẹni tó ń pariwo jiyàn, fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìgò náà mọ́ àyà.

"Na my wife," ó ní, omi ń dà lójú ẹ̀.

Ọmọ náà wo ìgò. Ó wò mí, ó wo báńdéèjì lábẹ́ ìborùn mi. Ó gbé ìbọn ẹ̀ kúrò lójú fèrèsé.

"Alhaji," ó ní, "carry your wife dey go."