Bàtà Ẹsẹ̀ Kan Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àdúrà

Àwọn ọmọ tó ń wá kí mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí kì í gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé mi ní Barking, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n á ní, "Bàbá, ìlú òyìnbó náà? Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó?" Inú igbó kọ́ o. Lójú títì ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìnì ìdọ̀tí. Ẹ ó máa bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yóò dúró, yóò wò yín bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣìnà, kó tó rọra gba abẹ́ ọgbà kọjá. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n tún rí ọ̀kan. Àmọ́ tí mo bá ti rántí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, Hajarat ni mo máa ń rántí tẹ̀ lé e, ojú á sì tì mí.

Ilé àdúrà wa kò jìnnà sí Eastbury. Gbọ̀ngàn kan tí a háyà ni, ó ní àgbàlá kékeré lẹ́yìn, ahéré onípákó kan tó ti ń wó sì wà nínú àgbàlá náà. Aládùúrà ni wá, a kì í wọ bàtà wọ ibi mímọ́. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, lábẹ́ òrùlé kékeré kan, ni gbogbo wa máa ń bọ́ bàtà sí, tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tèwe. Bó ti wù kí òtútù mú tó, a ó bọ́ ọ.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ni bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Ká ní méjì méjì ló ń lọ ni, à bá ní olè ni, à bá ra kámẹ́rà kọ́ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ ó jáde, ẹ ó rí ọ̀tún, ẹ ò ní rí òsì.

"Olè wo ló ń jí bàtà ẹsẹ̀ kan?" Ìyá Ìjọ wa, Bọ́ládé, ló bi wá bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Longbridge ni, òun náà ló sì ń se oúnjẹ sàráà gbogbo ìjọ, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ tirẹ̀. "Àbí ẹlẹ́sẹ̀ kan ni olè ọ̀hún? Ẹ lajú yín o. Ẹni tó fẹ́ wọ bàtà á kó méjèèjì. Ẹni tó mú ẹyọ kan, ẹsẹ̀ yín gan-an ló ń wá."

Ara wa bù máṣọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ń sọ. A ti gbọ́ ọ nílé kí a tó wọ ọkọ̀ òfuurufú: ẹni ibi kì í wá aṣọ yín tuntun, èyí tó ti gba òógùn yín ló ń wá. A ń rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú àgbàlá náà o, àní lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ adìyẹ, kí ló fẹ́ fi bàtà ṣe? Kò wá sí wa lọ́kàn rárá.

Hajarat ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa nígbà náà. Ilé ìmàle ni wọ́n bí i sí ní Ìsẹ́yìn, kò sì tíì mọ orin wa dáadáa. Iṣẹ́ òru ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, yóò yà mú Rahmah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, nílé aládùúgbò, wọ́n á wá jókòó lẹ́yìn pátápátá. Kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn, wọ́n á ti jáde, nítorí oorun. Bàtà rẹ̀ kò sì sọnù rí. Bàtà iṣẹ́ ńlá dúdú ni, wọ́n fi irin sí i níwájú. Òun nìkan ni bàtà rẹ̀ máa ń dúró síbi tó bọ́ ọ sí, ohun tó sì dá a lẹ́bi lójú wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìkéde, Ìyá Ìjọ ní kí ẹnikẹ́ni má tíì dìde.

"Hajarat, gbé báàgì ẹ wá síwájú."

"Báàgì mi, mà?"

"Àbí tèmi ni mo ní kí o gbé?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Hajarat gbé báàgì náà wá. Ìyá Ìjọ da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: abọ́ oúnjẹ, aṣọ iṣẹ́ tó ń tàn yanran, kóòmù, àti bàtà ọmọdé pupa kan. Ẹyọ kan.

Ariwo sọ. Ẹlòmíràn ti ń ké halelúyà.

"Ti Rahmah ni, mà," Hajarat ní. "Níbí ni èkejì ti sọnù. Mo ń mú èyí kiri bóyá màá rí ìkejì rẹ̀."

"O ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́."

"Gbogbo ayé ń pariwo, ìwọ nìkan lo dákẹ́. Bàtà wa ń lọ, tìẹ jókòó bí òkúta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí a ń jó níwájú, kí lo bẹ̀rẹ̀ ṣe lẹ́nu ọ̀nà? Mìdé ọmọ mi rí ẹ!"

"Bàtà ọmọ mi ni mo ń wá, mà."

"Lọ jókòó sílé ná. Tí Ẹ̀mí bá ní kí o padà, a ó ránṣẹ́ sí ẹ."

Kò sẹ́ni nínú wa tó la ẹnu. Hajarat kó ẹrù rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, tó ń so okùn bàtà ńlá yẹn. Rahmah dúró tì í, ó sì béèrè sókè, tí gbogbo wa gbọ́: "Mummy, ṣé ìwọ lo kó wọn?"

Ìyá rẹ̀ mú un lọ́wọ́, wọ́n jáde sójú títì.

Oṣù kan kò pé lẹ́yìn náà tí èmi àti Ìyá Ìjọ lọ tún gbọ̀ngàn ṣe lọ́sàn-án Sátidé. Mo ń nu àga, òun ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bọ́ bàtà aláwọ̀ góòlù kan tó fẹ́ràn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Mo gbọ́ tó pariwo, mo sáré jáde.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan ló dúró níwájú rẹ̀. Abo ni, ó rù, ọmú rẹ̀ fà sílẹ̀, ó sì sún mọ́ wa débi pé mo lè rí bí imú rẹ̀ ṣe tutù.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyá Ìjọ gbé ìgbálẹ̀ sókè. "Padà! Mo ní kí o padà sẹ́yìn!"

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wò ó. Kò sá. Ó tẹrí ba, ó gbóòórùn bàtà tèmi, kò wù ú. Ó gbóòórùn ti Ìyá Ìjọ, ó fi ẹnu gbé ẹyọ kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yí padà bí ẹni tó ra ọjà tó ti sanwó.

A tẹ̀ lé e láìwọ bàtà. Abẹ́ ahéré ló gbà wọlé. Ìyá Ìjọ dọ̀bálẹ̀ sínú koríko pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń fa bàtà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń yí lulẹ̀, wọ́n ń dìde. Bàtà gbogbo ìjọ ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Èyí tí eyín ti lu ihò sí lára, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti já. Mo rí bàtà pupa kékeré kan. Egungun adìyẹ pọ̀ láàrin wọn, pẹ̀lú bébà dídán tí a fi ń bo oúnjẹ sàráà.

Ìyá Ìjọ ló máa ń da àjẹkù sí àgbàlá. "Ẹ̀dá Ọlọ́run ni wọ́n," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "kí àwọn náà rí jẹ." Ó tẹjú mọ́ bébà náà.

"Bàbá Láyí, tí a bá kàn kó àwọn bàtà yìí padà sẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Kí kálukú mú tiẹ̀, ká dúpẹ́."

"Hajarat ńkọ́?"

"A ó ránṣẹ́ sí i pé Ẹ̀mí ti sọ̀rọ̀."

"Ìyá Ìjọ."

"Mo mọ̀," ó ní. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, iyẹ̀pẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lójú. "Mo mọ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀."

Ó pe Hajarat lórí fóònù níṣojú mi, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá lóòótọ́, òun àti Rahmah, wọ́n jókòó sí àyè wọn lẹ́yìn. Nígbà tí àsìkò ìkéde tó, Ìyá Ìjọ dìde.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó ní a ti rí bàtà. Ó ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ẹnìkan ní, "Háà!" Mìdé pariwo látàárín àwọn akọrin, "Mummy, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wo ló ń wọ bàtà lọ síbi ìgbéyàwó?" Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló mú ọkàn Ìyá Ìjọ fúyẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàpèjúwe: bí ẹranko náà ṣe gbóòórùn bàtà Bàbá Láyí tó sì yínmú, bí òun ṣe ń bá a wí lórúkọ Jésù tí kò gbọ́ èdè Yorùbá. Ó rìn bíi kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ láti iwájú pẹpẹ sọ́dọ̀ àwọn akọrin. Àwọn kan ń nu omijé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ló wá ní, "Torí náà, Hajarat, kó o má bínú o, Sàtánì ló fẹ́ dà wá rú." Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Mo wẹ̀yìn. Àga méjèèjì ti ṣófo.

Ìyá Ìjọ rí i lásìkò kan náà. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó jáde láìwọ bàtà, mo tẹ̀ lé e. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì la bá wọn. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn tán ló ti kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, àgbàlagbà, nínú aṣọ funfun, níwájú obìnrin tó lè bí.

Hajarat dì í mú ní ìgúnpá méjèèjì. "Ẹ dìde, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ ti kúnlẹ̀, kí ni mo tún lè sọ? Mo ti dárí jì yín."

"Kò dénú ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, kò tíì dénú mi. Àmọ́ kì í ṣe èmi lẹ jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yìí kì í sùn láìbi mí bóyá èmi ni mo kó bàtà. Mo ní mi ò mú nǹkan kan, ó ní kí ló wá dé tí gbogbo yín dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Òun ni mo mú wá lónìí, kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Ìyá Ìjọ kò dìde. Ó yí sí Rahmah lórí eékún. "Rahmah, màmá ẹ ò mú nǹkan ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Èmi, pẹ̀lú ẹnu mi yìí."

Ọmọ náà wò ó títí. "Kí ló dé tí ẹ wá ń rẹ́rìn-ín?"

Ìyá Ìjọ yíjú sí mi, bí ẹni pé mo ní ìdáhùn lápò. Bọ́ọ̀sì dé, Hajarat ní, "Ẹ padà sínú ilé àdúrà, mà, ilẹ̀ tutù," ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wọ ọkọ̀. Rahmah jókòó ní ojú fèrèsé. Kò juwọ́ sí wa.

Mo ní ká máa padà lọ, wọn ò tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́.

"Ẹ máa lọ, Bàbá Láyí," Ìyá Ìjọ ní. "Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí ná. Ọmọ yẹn bi mí ní nǹkan, mi ò tíì dá a lóhùn."