Tìróò Lẹ́nu Sájẹ́ǹtì

Rẹ̀mílẹ́kún fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n ajá náà mú, ó ń fi ìka ọwọ́ kejì kun tìróò sí irun funfun tó yí imú rẹ̀ ká.

"Má lá a o," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí o bá lá a, ara rẹ lo ṣe."

Ajá Jámánì gidi ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò, kò ní àdàlù kankan. Hezekiah, ọkọ Rẹ̀mílẹ́kún, ló sọ ọ́ ní Sájẹ́ǹtì nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá tó sì padà sí Ìlá. Ipò kọ́pùrà, tó wà lábẹ́ sájẹ́ǹtì, ni òun fúnra rẹ̀ wà tó fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí àwọn aládùúgbò fi máa ń bi í bóyá ó ti kí ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀. Nínú àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀, Sájẹ́ǹtì dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ẹ̀yẹ tó gbà nínú ìdíje ajá n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ọdún ti gorí ọdún.

Adétúnbọ̀, ọmọ wọn, ti gbé ọmọ ajá tuntun dé láti Èkó fún ọdún Àjíǹde.

"Bàbá, ẹ ò lè bọ́ méjì," ó ti wí lálẹ́ àná. "Bí Sájẹ́ǹtì bá gba ipò níbi ìdíje ajá lọ́la, àwọn èèyàn á máa sanwó kó abo ajá wá bá a, á máa bọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá pàdánù, dókítà ẹranko á fún un lábẹ́rẹ́ tí á fi sùn lọ pátápátá. Kò ní jẹ̀rora."

Hezekiah tẹrí ba, ó ní ó dáa. Kì í yẹ àdéhùn, kì í sì í ṣe màgòmágó. Nítorí náà ni ìyàwó rẹ̀ ṣe ń kun ajá lẹ́yìn ilé ìdáná kí ọkọ rẹ̀ tó wẹ̀ tán.

Pápá ilé ìwé kún fọ́fọ́. Àwọn ọmọ Ìlá tó wálé ọdún mú ajá wọn wá. Àwọn ará Ọ̀tan àti Ire gun ọ̀kadà wá wòran. Oòrùn mú. Hezekiah di okùn mú, òun àti Sájẹ́ǹtì sì sáré yí pápá ká, ajá náà gbé orí sókè bí ọmọ ọba. Obìnrin dókítà ẹranko tó ń ṣe adájọ́ mi orí, ó ní kí wọ́n tún yí i ká.

Wọn ò tíì dé ìdajì tí ahọ́n Sájẹ́ǹtì fi yọ síta. Itọ́ ń ṣàn, ó dúdú bí omi èédú, ó ń hó, ó ń kán sí i láyà.

"Ajá dìgbòlugi!" ẹnìkan ké.

Pápá dàrú. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn gun orí tábìlì adájọ́. Ọláwuyì ọdẹ, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ti yọ ìbọn léjìká.

"Bàbá Túnbọ̀, ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ yàgò kí n lè yìnbọn fún un!"

Hezekiah fi ara bo ajá náà.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kú níbí yìí? Ajá tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ ẹ̀sín. Rẹ̀mílẹ́kún sáré wọ pápá.

"Tìróò ni! Tìróò mi ni!"

Ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ti ìka bọ ìfófòó ẹnu ajá náà, ó sì fi lé ojú ara rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ó yíjú sí ọdẹ.

"Ọláwuyì, ṣé èmi náà ti di dìgbòlugi?"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì ràn bí iná ọyẹ́. Ọláwuyì sọ ìbọn kalẹ̀.

"Ìyá Túnbọ̀, ó mà yẹ yín o!"

Adájọ́ fọwọ́ kan imú ajá náà. "Màmá, ewú logbó. Kí lẹ wá ń fi í pa mọ́ fún? A kì í kun ajá fún ìdíje. A ti yọ ọ́ kúrò, ẹ má bínú."

Adétúnbọ̀ dé, ó ń mí hẹlẹ. "Bàbá, ó ti tán. Ó ti pàdánù."

Hezekiah dìde, ó gbọn koríko lára ṣòkòtò. "Ta ló borí rẹ̀? Wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó dájọ́. Ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni díje, báwo ló ṣe pàdánù?"

"Bàbá!"

"Ohun tí a jọ sọ nìyẹn."

Adétúnbọ̀ wo ojú dúdú ìyá rẹ̀, ó fẹ́ le ojú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá yìí! Ó dáa. Màá gbé ọmọ ajá padà s'Ékòó."

Ṣàkírù onífọ́tò ti gbé kámẹ́rà sójú. "Ẹ dúró kí n yà yín."

"Ife ẹ̀yẹ dà?" ni Rẹ̀mílẹ́kún bi í.

"Ajá tó bọ́ lọ́wọ́ ìbọn, ife wo ló tún ń wá?"

Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìró rẹ̀ nu Sájẹ́ǹtì kí fọ́tò lè dára. Irun funfun yọ yí imú ká. Ó nu òkè ojú rẹ̀. Aṣọ tún dúdú. Ó dáwọ́ dúró. Òun kò fọwọ́ kan ibẹ̀ láàárọ̀.

Ó gbójú sókè. Hezekiah ti kọjú sí kámẹ́rà, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọlọ́pàá tó tò sórí ìlà. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú kirikiri fún tìróò.

"Ẹ má mira o," ni Ṣàkírù wí.

Rẹ̀mílẹ́kún dìde dúró ti ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ bo àtàǹpàkò náà mọ́lẹ̀.