Abala Mẹ́ta Tó Ní Ihò

Sabine kì í bá àlejò jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Maxime ní kí ó tú abala mẹ́ta kúrò lára aṣọ bàbá rẹ̀, inú bí i gan-an.

Ọmọ Atakpamé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé ni Maxime. Ó gun alùpùpù wá sí Agbonou, àdúgbò Sabine, láti wá yan aṣọ òfì kan ṣoṣo fún ìpàtẹ ńlá kan, ìborùn tí bàbá Sabine, olóògbé Joachim, hun fún ìyàwó rẹ̀ ló sì wù ú. Wọn yóò kọ orúkọ Joachim sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí Sabine ti ń wá láti ọdún mẹ́fà nìyẹn, nítorí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó ti òfì, kò sì sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ kọjá Glei, ìlú tó wà nítòsí.

"Màmá, aṣọ yìí dára," Maxime wí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwa Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò nìkan là ń wá. Àwọn abala tó ní ihò wẹ́wẹ́ yìí, tàwọn ará Nàìjíríà ni. Ẹ tú wọn, kí ẹ rán ìyókù pọ̀."

Ẹ gbọ́ mi ná: ẹni tí kò fọwọ́ kan òfì rí ló ń kọ́ ọmọ ahunṣọ ní aṣọ.

Sabine mú abẹ, ó tú gbogbo ojú ìrán, ó sì tẹ́ abala mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí ẹní.

"Ẹ mú tiwa níbẹ̀."

Maxime mú mẹ́ta tó ní ẹyẹ lára. "Ẹyẹ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yín pọ́ńbélé."

"Rárá o. Àlàní ló hun ún, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta òwú lọ́jà Atakpamé. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ẹ ò rí i pé òsì ni gbogbo ẹyẹ rẹ̀ kọjú sí? Bàbá mi kọ́ ọ ní ẹyẹ, òun náà kọ́ bàbá mi ní ihò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ hun aṣọ ìyá mi, kálukú hun ohun tí ẹnì kejì kọ́ ọ. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ihò tí ẹ ní kí n sọ nù, òun gan-an niṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi."

Maxime rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi mọ̀. Ẹ gbé e lọ lódindi, kí ẹ kọ orúkọ méjèèjì sí i."

"Orúkọ kan ni ìwé wa gbà."

"Ẹ máa mú ìwé yín lọ nígbà náà."

Ó lọ lóòótọ́. Ó dun Sabine, kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀, ó fi òwú sójú abẹ́rẹ́, ó rán abala mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà bí wọ́n ṣe wà.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìborùn náà kọ́ sí etí ọ̀nà, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń kọjá, ó sì kọ orúkọ méjì sára páálí sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ti Àlàní ṣáájú, nítorí nílé Joachim, àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún.