Suwíìsì Olófòófó

Òfófó niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe suwíìsì tí a fi ń tan iná ni mò ń wí o. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, nínú yàrá kótópó ní ilé ìwòsàn wa, tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà so mọ́. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Bí akọ̀wé bá tan kọ̀ǹpútà, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Bó bá pa á, á tún fi òmíràn ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ wáyà, ó di ariwo. Ẹ gbà mí! Ta ló bi í léèrè?

Lọ́dún tó kọjá, ó dójú tì mí. Ọmọ mi, tí a ń pè ní Agbẹjọ́rò nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí kò lè rò, ń ké ewì nílé ìwé wọn. Fóònù mi ń han ṣáá. Ọmọ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Láti ìgbà náà ló ti ń wò mí bí ẹlẹ́rìí èké. Nígbà tí ewì kíké tọdún yìí wá ku ọ̀la, mo búra fún un pé ojú mi kò ní kúrò lára rẹ̀. Ó ní, “Màámi, a ó máa wò ó.”

Mo bá jókòó ti suwíìsì, pé màá kó o ní ìjánu. Èèyàn lè kọ òfin fún un: èyí ni kí o sọ, èyí ni kí o gbé mì. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ máa gbọ́ ni ti fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wáyà tòun náà so mọ́ suwíìsì láti máa ròyìn bí inú rẹ̀ ṣe tutù sí, torí bí wáyà náà bá já, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí inú rẹ̀ bá ń gbóná. Mo kọ òfin kìíní: pa ẹnu mọ́ lórí ohun gbogbo. Mo kọ ìkejì: ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti fíríìjì, sọ̀rọ̀. Mo bá nà gbalaja sórí àga. Áà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dùn!

Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í gba òfin gbọ́ láìdán an wò. Mo lọ bá apoògùn, mo fa wáyà fíríìjì rẹ̀ yọ. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ fóònù lẹ́nu.

“Ṣó yẹ kó dún ni?” apoògùn bi mí.

Ìgbà náà ni mo rántí. Suwíìsì a máa ka òfin látòkè wá sílẹ̀ ni, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ló ń tẹ̀ lé. Òfin kìíní ti pa á lẹ́nu mọ́, kò tilẹ̀ dé ìkejì! Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí n tó lọ́kọ, àṣìṣe ọmọ àná! Mo ki wáyà bọ ibi tó wà, mo gbé òfin ìkejì síwájú èkíní, mo tún fa wáyà yọ. Fóònù han gooro.

“Ó tó o,” apoògùn ní, “ẹ dá wáyà mi padà.”

Lọ́jọ́ kejì, iwájú pátápátá lèmi àti bàbá Agbẹjọ́rò jókòó sí. Ó jáde, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó bẹ̀rẹ̀. Fóònù ò dún. Mo ní ó káre. Kò tún dún. Àbí mo gbàgbé láti fi òfin náà pamọ́ sínú suwíìsì ni? Mo wo fóònù. Rárá, mo fi pamọ́. Àbí wáyà tí mo dá padà ò wọlé dáadáa? Mo tún wò ó. Bàbá rẹ̀ fi ìgúnpá gún mi. “Mò ń gbọ́, mò ń gbọ́!” Mo tún wò ó, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, gbogbo èèyàn ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi, mo tilẹ̀ hó lé e.

Nínú mọ́tò, mo ní, “Agbẹjọ́rò mi, o káre láé! Ṣé fóònù dún?”

“Kò dún, Màámi.”

“Ṣé mo sọ fún ẹ?”

Ó ní, “Ibo lẹ fẹ́ràn jù nínú ewì mi?”

Mo ṣẹ́jú sí bàbá rẹ̀ pé kó gbà mí. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ títì, ọ̀dàlẹ̀.

“Lọ́dún tó kọjá tó ń dún,” Agbẹjọ́rò ní, “ẹ ṣì ń wò mí, ẹ ń fojú bẹ̀ mí. Lónìí tí kò dún, ẹ ò wò mí rárá.”

Ó dùn mí wọ egungun. Mo ju fóònù fún bàbá rẹ̀, mo ní kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo yíjú sẹ́yìn pátápátá.

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi, tún un ké fún mi.”

Ó kọ́kọ́ wo ojú mi títí, kó tó la ẹnu.